Orúkọ Wa Lára Àpáta Ìdànrè

Orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ wa wà lára àpáta Ìdànrè. Ọ̀dà funfun ni a fi kọ ọ́, lẹ́tà rẹ̀ gùn tó apá àgbàlagbà, ọdún tí a kọ ọ́ wà lábẹ́ rẹ̀, orúkọ Molutehin sì tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó bá ń gun òkè náà tí ó dúró mí díẹ̀, tí ó sì yíjú sí ọwọ́ òsì, kò lè ṣàìrí i. A kò gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu ẹlòmíràn. Àwa tí a jáde ní ọdún kan náà ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí ni a di agolo ọ̀dà sínú àpò, tí a gbé e kọjá omi àti ilẹ̀, tí a sì fi ba ohun tí kì í ṣe tiwa jẹ́.

Olóòtú ìwé àjọ̀dún yìí ní kí a kọ̀wé nípa ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ ṣe fún wa. Ohun tí ó ṣe fún wa pọ̀, àwọn ẹlòmíràn yóò sì sọ ọ́ dáadáa jù wá lọ. Ohun tí àwa ṣe ní orúkọ rẹ̀ ni a fẹ́ sọ, nítorí a gbọ́ pé àwọn kan ti dábàá pé kí a fi owó àjọ̀dún kọ́ ẹnu-ọ̀nà ńlá tí a óò gbẹ́ orúkọ gbogbo ẹni tí ó dá owó sí lára. A kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹnu-ọ̀nà. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ó kéré díẹ̀ sí i, kí a sì mú nínú owó náà fún iṣẹ́ méjì ní Òkè Ìdànrè: kí a nu ìkọkúkọ kúrò lára àpáta, kí a sì ran àwọn tí ó ń tọ́jú ibẹ̀ lọ́wọ́ láti gbé pátákó atọ́nà tí ó dára kalẹ̀ sí ojú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí ó ti ṣẹlẹ̀. Ìdájí ni a gbéra lọ́jọ́ náà. Ọkọ̀ ojú omi gbé wa dé Ìgbókòdá, bọ́ọ̀sì gbà wá níbẹ̀, a gba Òkìtìpupa, a gba Ọ̀rẹ̀, a gba Oǹdó. Ẹ̀yin òbí tí ẹ bí wa sí etíkun mọ̀ pé òkúta kò sí ní ilẹ̀ tiwa. Ẹrẹ̀ ni etí òkun wa, kì í ṣe iyanrìn bí ti Èkó. Orí òpó ni ilé wa wà, orí pákó ni a sì ń rìn láti ilé dé ilé. Òkúta tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ kò ju ọlọ ìyá wa lọ, ọlọ náà gan-an sì jẹ́ ohun tí a rà lọ́jà tí a fi ọkọ̀ gbé wálé. Ọmọ tí ó ti inú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wá, tí ó ṣàdédé rí àpáta kan ṣoṣo tí ó ga ju igi ìrókò mẹ́wàá lórí ara wọn lọ, yóò dákẹ́. A dákẹ́ lóòótọ́. A fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án, ó gbóná bí ìkòkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá síwájú, àwọn tí èémí ń mú wà lẹ́yìn pẹ̀lú olùkọ́ wa, ẹni tí a kò gbọ́dọ̀ dá ní ẹ̀bi kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀dà náà jẹ́ ìyókù èyí tí bàbá ọ̀kan nínú wa fi kun ọkọ̀ rẹ̀. Kí olùkọ́ tó dé, a ti kọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́, a ti kọ ọdún, a ti kọ Molutehin. Ẹnì kan wá ní kò tíì tán, ó gba búrọ́ọ̀ṣì, ó sì kun ọfà gígùn kan sábẹ́ orúkọ náà, tí ó nà sí ìhà gúúsù, níbi tí ó rò pé ilé wà.

Ẹni tí kò mọ etíkun Ìlàjẹ lè sọ pé ìwà ìpáǹle ọmọ ilé-ìwé lásán ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Àwọn òbí wa a máa na ọwọ́ sí ojú òkun, wọn a sì wí pé níbẹ̀ ni ilé wa wà nígbà kan, níbẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì wà, níbẹ̀ ni a sin bàbá wa sí. Ayétòrò tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri nítorí iṣẹ́ ọwọ́ àti ìṣọ̀kan àwọn ará ibẹ̀, òkun ti gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ mì lójú gbogbo ayé. Àwa ọmọ tí a dàgbà níbi tí ilẹ̀ ti ń yọ́ lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ rí ohun tí omi kò lè gbé lọ, a sì kọ orúkọ ìlú wa sí i. Bí a bá ronú kàn án, àánú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn a máa ṣe wá. Ṣùgbọ́n àánú kò nu ọ̀dà, ìyà tí ó ń jẹ wá ní etíkun kò sì sọ àpáta Ìdànrè di tiwa.

Nítorí àpáta náà ní àwọn tí ó ni ín. Àwọn ará Ìdànrè gbé orí òkè yẹn fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ sí ìlú tí wọ́n wà lónìí, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ààfin Ọwá àtijọ́ ṣì wà lókè, ilé-ẹjọ́ àtijọ́ wà níbẹ̀, ibojì àwọn ènìyàn wọn wà níbẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ti Àgbóògùn wà lára àpáta. Àmì kíkọ kan náà wà níbẹ̀ tí kò sí ẹni tí ó lè kà á. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí: ohun tí a kò lè kà ni gbogbo ènìyàn ń gun òkè lọ wò, ohun tí gbogbo ènìyàn lè kà, èyí tí àwa kọ, kò ní ohun kan tí ó ń sọ. Ní 2007 ni Nàìjíríà fi orúkọ Òkè Ìdànrè ránṣẹ́ sí UNESCO pé kí a kà á mọ́ àwọn ibi tí ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú. Ibi méjì péré ni orílẹ̀-èdè wa ní lórí ìwé àkọsílẹ̀ náà, Sukur láti 1999 àti Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo láti 2005. Ìdànrè ṣì ń dúró ní ẹnu-ọ̀nà. Ara ohun tí àwọn onídàájọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń béèrè ni pé ǹjẹ́ ibi náà wà bí ó ti yẹ kí ó wà, ǹjẹ́ a sì ń dáàbò bò ó. Ọ̀dà funfun wa jẹ́ ọ̀kan nínú ìdáhùn tí wọn yóò rí.

Ó pẹ́ kí a tó tún padà síbẹ̀. A ti di bàbá àti ìyá ọmọ nígbà náà, a sì mú àwọn ọmọ wa dání. Ohun tí ó kọ́kọ́ yà wá lẹ́nu ni pé ìkọ̀wé wa kò dá wà mọ́. Ọ̀dà a máa bí ọ̀dà. Àwọn ilé-ìwé mìíràn ti kọ tiwọn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti kọ orúkọ ọmọbìnrin tí ó fẹ́ràn, ẹlòmíràn kọ nọ́ńbà fóònù. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa ka lẹ́tà náà sókè, ó ní, “Bàbá mi, ṣé Molutehin wà nítòsí ibí ni?” A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́ tán lẹ́nu wa.

Bí a ti ń lọ síwájú, a pàdé bàbá àgbàlagbà kan àti ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ti kúrò lójú ọ̀nà, wọ́n dúró lójú àpáta gbọọrọ tí kò ní ohun ìdìmú, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n dì mú. A ṣe sùúrù fà wọ́n padà. Bàbá náà nu òógùn ojú rẹ̀, ó dúpẹ́, ó ṣúre fún wa, ó sì wí pé, “Ẹ̀yin ọmọ mi, níbo ni wọ́n ń pè ní Molutehin yìí? A rí ọfà, a tẹ̀ lé e. Mo rò pé àgọ́ àdúrà kan ni.” Kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn nínú wa. Ìyàwó rẹ̀ ní kí a má bínú, pé àwọn ni àwọn kò fara balẹ̀. Àwọn tí a ṣẹ̀ ni ó ń bẹ̀ wá.

Láti ọjọ́ náà ni a ti mọ̀ pé ọ̀ràn ìkọkúkọ àti ọ̀ràn pátákó atọ́nà kì í ṣe ọ̀ràn méjì. Níbi tí àmì tòótọ́ kò bá sí, àmì èké ni ènìyàn yóò tẹ̀ lé. Àwa ará omi yẹ kí a ti mọ èyí tipẹ́. Ọ̀pá tí a rì mọ́ ẹrẹ̀ ni awakọ̀ wa fi ń mọ ibi tí omi ti jìn àti ibi tí ẹrẹ̀ yóò ti gbá ẹ́ńjìnnì mú. Ẹni tí ó bá ṣí irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ nípò, gbogbo ìlú ni yóò dìde sí i. A kì í fi ọ̀pá ojú omi ṣeré. Orí òkè àwọn ẹlòmíràn ni a ti lọ kun ọfà síbi tí ó wù wá.

Pátákó tí a ń sọ kò nílò ọ̀ṣọ́. Ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, kí ó sọ iye àtẹ̀gùn tí ó wà níwájú àti bí àkókò tí a óò lò ti tó, kí ẹni tí àyà ń dùn lè pinnu. Ní ibi ìsinmi kọ̀ọ̀kan, kí ó sọ iye tí ó kù. Níbi tí ọ̀nà ti yà sí ààfin àtijọ́, sí ojú ẹsẹ̀ Àgbóògùn, sí ibi omi, kí ọfà tòótọ́ wà. Níbi tí àpáta ti ń yọ̀ nígbà òjò, kí ìkìlọ̀ wà. Lóòótọ́, ẹni tí ó bá gba amọ̀nà kò lè ṣìnà, a sì gba gbogbo ènìyàn nímọ̀ràn láti gba amọ̀nà, nítorí ìtàn tí ó wà lẹ́nu wọn kò sí lórí pátákó kankan. Ṣùgbọ́n amọ̀nà kan kò lè wà níwájú àti lẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà, pàápàá bí ọgọ́rùn-ún ọmọ ilé-ìwé bá dé papọ̀. Kí a kọ ọ́ ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ó jẹ́ pé àwọn àgbà Ìdànrè ni yóò sọ bí a ó ṣe pe orúkọ ibi kọ̀ọ̀kan. Inú ilẹ̀ ni kí a rì í sí. Bí a bá lu ihò sára àpáta nítorí pátákó, kí ni a wá fi sàn ju ẹni tí ó kun ọ̀dà lọ?

Nínu ọ̀dà kúrò ni ó le jù. Èrò tí ó kọ́kọ́ wá sí ọkàn wa ni pé kí a ra tínà àti ásíìdì, kí a gun òkè, kí a fọ̀ ọ́ ní ọjọ́ kan. A dúpẹ́ pé a kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ kan wà tí a kò tíì rí níbòmíràn láyé yìí àfi lórí àpáta Ìdànrè; orúkọ Perret ni àwọn onímọ̀ fi sọ ọ́. Ní 1963 ni a kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe rẹ̀ nínú ìwé, lẹ́yìn náà ọ̀pọ̀ ọdún kọjá tí àwọn onímọ̀ kò gbúròó rẹ̀, títí àwọn olùwádìí fi tún rí i ní 2013. Ojú àpáta tí omi ń sun tẹ́ẹ́rẹ́ lórí rẹ̀ ni ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ yìí ti ń dàgbà. Tínà tí a bá dà sókè, ìsàlẹ̀ ni yóò ṣàn sí. Fífi irin ha àpáta kò dára pẹ̀lú, nítorí yóò bó èèpo rẹ̀, àpá náà yóò sì hàn ju ọ̀dà lọ. Iṣẹ́ náà ń fẹ́ ẹni tí ó mọ̀ nípa òkúta, tí yóò kọ́kọ́ dán oògùn rẹ̀ wò níbi kékeré kan, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí yóò fi aṣọ gba gbogbo ohun tí ó bá bó sílẹ̀. Nítorí náà ni ó ṣe ń gba owó. Agolo ọ̀dà tí a kò rà ni a fi kọ ọ́, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Nínu rẹ̀ lè gba ọ̀sẹ̀.

Àwọn orílẹ̀-èdè tí ó lówó jù wá náà ń jìyà irú rẹ̀. Ní 2014, ọ̀dọ́mọbìnrin kan ní Amẹ́ríkà fi ọ̀dà ya àwòrán sára àpáta nínú àwọn ọgbà ìjọba àpapọ̀ tí ó ju ẹyọ kan lọ, ó sì gbé fọ́tò rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ayé láti rí. Ní 2016 ilé-ẹjọ́ fi í sábẹ́ ìṣọ́ fún ọdún méjì, ó pàṣẹ pé kí ó fi 200 wákàtí ṣiṣẹ́ fún ìlú, ó sì fòfin dè é kúrò nínú gbogbo ọgbà bẹ́ẹ̀ fún àkókò náà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wù wá jù lọ́dọ̀ wọn kì í ṣe ìjìyà, òfin owó ni. Láti 2004 ni òfin kan ti wà níbẹ̀ tí ó sọ pé, nínú owó ìwọlé tí a gbà lọ́wọ́ àwọn àlejò, ó kéré tán 80 nínú 100 gbọ́dọ̀ dúró sí ibi tí a ti gbà á, kí a fi tún ọ̀nà, pátákó àti ilé ìyàgbẹ́ ibẹ̀ ṣe. Òkè Ìdànrè kì í ṣe ọgbà ìjọba àpapọ̀ bí ti Ọ̀yọ́ Ilé; ọwọ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni ó wà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde wa wà tí ó mọ ọ̀nà dé ilé aṣòfin ní Àkúrẹ́. Bí wọ́n bá lè béèrè irú òfin bẹ́ẹ̀ fún Ìdànrè, wọn yóò ti ṣe ju ẹnu-ọ̀nà mẹ́wàá lọ.

A ti gbọ́ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Òbí kan bi wá tààrà pé, kí ni ti ilé-ẹ̀kọ́ onígbàgbọ́ nínú títọ́ ènìyàn sọ́nà ojúbọ òrìṣà? A bọ̀wọ̀ fún ìbéèrè náà. Pátákó ń sọ ibi tí nǹkan wà, kò ní kí ẹnikẹ́ni kúnlẹ̀ níbẹ̀. Àwa ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yìí sì ti kọ́ nípa òkúta méjìlá tí Jóṣúà ní kí a kó jáde láti inú Jọ́dánì, kí àwọn ọmọ lè béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá wọn lọ́jọ́ iwájú. Àwọn ọmọ Ìdànrè náà ní ẹ̀tọ́ láti bi bàbá wọn ní ìtumọ̀ òkúta tiwọn, láìsí orúkọ ilé-ìwé wa láàárín.

Ìbéèrè kejì ni ó wúwo jù. Òkun ń bọ̀ wá bá wa níbí, ọmọ wa kò ní yàrá ìwádìí sáyẹ́ǹsì tí ó pé, ẹ sì ń sọ̀rọ̀ òkè tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn? A kò ní ìdáhùn tí yóò tán ìrora inú ìbéèrè yẹn. Ìdí kan náà ni a kò fi béèrè lára owó yàrá ìwádìí. Owó ẹnu-ọ̀nà ni a fojú sí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí àwa Ìlàjẹ ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn tí ó wá epo wá gbẹ́ omi ọ̀nà ọkọ̀ wọn la ilẹ̀ wa kọjá, omi iyọ̀ bá a wọlé, ó pa igbó àti ẹja inú omi dídùn. A ní ẹni tí ó bà á jẹ́ ni kí ó tún un ṣe. Ní oṣù Karùn-ún 1998, àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ gba ojú òkun lọ sí pèpéle epo Parabe láti sọ ọ̀rọ̀ kan náà, ẹ̀mí méjì sì bá a lọ. Ọ̀rọ̀ tí a fi ẹ̀mí ènìyàn sọ, a kò gbọdọ̀ sọ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́ tí ọ̀dà wà. Kékeré ni tiwa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti epo, a mọ̀. Kò sì sí ẹni tí yóò fi agbára mú wa. Ìyẹn gan-an ni ó jẹ́ kí ó yẹ kí a ṣe é.

Ẹgbẹ́ wa ti kọ́kọ́ dá owó jọ láàárín ara wa, a kò dúró de ìgbìmọ̀. A ti pinnu láti kọ lẹ́tà sí àwọn tí ó ń ṣàkóso òkè náà àti sí ààfin Ọwá, láti jẹ́wọ́, láti béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí a ṣe àti ohun tí wọn kò fẹ́. Bí wọ́n bá ní kí a fi owó sílẹ̀ kí a má sì fọwọ́ kan nǹkan kan, a óò ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá gbà wá láyè, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ń bọ̀ ni a óò lọ. A kò fẹ́ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ lórí pátákó kankan. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín yóò bá lọ ìrìn-àjò ilé-ìwé lọ́dún yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yẹ àpò wọn wò kí wọ́n tó wọ ọkọ̀.

Ẹni tí ó kun ọfà náà wà láàárín wa. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ nígbà tí a ń ka ìwé yìí sí ara wa létí. Ohun kan ṣoṣo ni ó béèrè, pé ti a bá dé òkè, kí a jẹ́ kí òun bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọfà.